Iyọ̀ Inú Omi Mímu àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti dé Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan tàn káàkiri orí fóònù láàárín òru: kí gbogbo ènìyàn po iyọ̀ mọ́ omi, kí wọ́n mu ún, kí wọ́n sì fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ebola ò ní lè mú wọn. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń tẹ ìyá láago. Láàárín oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Kò sí ohun tí iyọ̀ lè fi Ebola ṣe. Àmọ́ iyọ̀ rẹpẹtẹ tó bá wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà máa ń da ètò omi ara rú, ó lè ṣe ọpọlọ léṣe, ó sì lè gbẹ̀mí ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lónìí ti yàtọ̀ sí ti ìgbà náà. Ẹni tí wọ́n sọ fún nílé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru á délé, á tọ́ omi kànga ẹ̀rọ rẹ̀ ní Ajah ní Èkó wò, á ní omi yìí ló kó bá òun. Ẹlòmíràn tí omi tirẹ̀ kò níyọ̀ kankan á fọkàn balẹ̀, á sì máa ju magí mẹ́rin sínú ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́ta. Àwọn méjèèjì kò gbá ọ̀rọ̀ náà mú dáadáa. Fún púpọ̀ nínú wa, iyọ̀ tí omi ń gbé wá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ìkòkò ọbẹ̀ ń gbé wá. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà, àwọn ènìyàn kan sì wà, tí omi mímu wọn kò ṣeé fojú fò. Àwọn wọ̀nyí gan-an la máa ń gbàgbé nígbà tá a bá ti sọ pé omi ò ṣe nǹkan.

Ohun tó ń jẹ́ sódíọ̀mù

Nǹkan méjì ló para pọ̀ di iyọ̀ tá a fi ń se oúnjẹ: sódíọ̀mù àti kíloráìdì. Sódíọ̀mù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kàn jù. Bí ènìyàn bá wọn iyọ̀ gíráàmù 5, ìyẹn ìwọ̀n ṣíbí ìpotíì kan tí kò kún dé etí, sódíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 2, tàbí mílígíráàmù 2,000. Ìwọ̀n yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe kọjá lóòjọ́. Ìṣirò àjọ kan náà fi hàn pé ìpíndọ́gba ohun tí àgbàlagbà ń jẹ káàkiri ayé jẹ́ mílígíráàmù 4,310, èyí tó ju ìlọ́po méjì lọ.

Sódíọ̀mù kì í ṣe májèlé. Òun ni iṣan ara fi ń sún kì tó fi ń nà, òun ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́, òun ló sì ń pinnu iye omi tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí sódíọ̀mù ara rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù lè dákú, gìrì sì lè mú un.

Ẹni tó ń fi gáàsì dáná ti rí sódíọ̀mù rí láìmọ̀. Bí omi ìrẹsì tó níyọ̀ bá hó dà sórí ààrò, iná aláwọ̀ búlúù náà á yípadà lójijì, á pọ́n rúsúrúsú bí pupa ẹyin adìyẹ. Sódíọ̀mù ló ń tàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ láàbù ń lo ẹ̀rọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà: wọ́n á fọ́n omi sínú iná, ẹ̀rọ á sì wọn bí àwọ̀ yẹn ṣe mọ́lẹ̀ tó, ibẹ̀ ni wọn á ti mọ iye sódíọ̀mù tó wà nínú lítà omi kan.

Ibo wá ni sódíọ̀mù inú omi ti ń wá? Omi òjò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Omi odò bíi Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń fà lọ sí Ijù ní Èkó àti Aṣejirè nítòsí Ìbàdàn, kì í sábà ní púpọ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gbà á lára àpáta àti iyẹ̀pẹ̀ tó bá kọjá. Ṣáláńgá àti ihò ìdọ̀tí tó súnmọ́ kànga lè dá kún un. Òkun ló wá ni olórí: lítà omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú, èyí tí sódíọ̀mù inú rẹ̀ ju mílígíráàmù 10,000 lọ. Òórùn kílórììnì tá a máa ń gbọ́ nínú omi ẹ̀rọ ìjọba kò sí lára ọ̀rọ̀ yìí. Oògùn tó ń pa kòkòrò ni, sódíọ̀mù tó bá sì bá a wọlé kéré gan-an.

Bí iyọ̀ ṣe ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè

Ìfúnpá ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara ògiri òpó tó ń gbé e kiri. Nọ́ńbà òkè tí nọ́ọ̀sì máa ń pè ni ti ìgbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tó bá dẹ ara sílẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá ń fi 140 lórí 90 hàn, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra, a ní ẹ̀jẹ̀ ń ru.

Tá a bá jẹ iyọ̀ jù, òùngbẹ á gbẹ wá, a ó mu omi, ara á sì pàṣẹ fún kíndìnrín pé kó dá omi náà dúró kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ má bàa le jù. Omi inú òpó ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ọkàn á ní púpọ̀ sí i láti tì, agbára tó ń lu ògiri òpó náà á sì ga. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá kì í jẹ́ kó pẹ́. Nǹkan bíi lítà 180 ló ń sẹ́ lóòjọ́, ó ń dá èyí tó pọ̀ jù lọ padà sínú ara, ó sì ń fi ìtọ̀ lítà kan sí méjì lé iyọ̀ tó ṣẹ́kù jáde.

Kíndìnrín àwọn kan wà tí kì í lè ti sódíọ̀mù jáde tó bó ṣe yẹ, àfi tí ìfúnpá bá ga. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ohun tí ara ń san kó tó lè bọ́ lọ́wọ́ iyọ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ á nípọn, á le, kò sì ní rọ̀ mọ́ kódà lọ́jọ́ tí ènìyàn ò jẹ iyọ̀ púpọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó fi iyọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kò fi yẹ kó retí pé ó ti tán, tí kò sì yẹ kó gbé oògùn rẹ̀ tì.

Àwọn àgbàlagbà, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru tẹ́lẹ̀, àwọn tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn, àti àwa aláwọ̀ dúdú ni iyọ̀ sábà máa ń mú jù. Síbẹ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wa ni. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1997, tí àwọn ará Ìbàdàn àti Ìgbò-Ọrà wà nínú rẹ̀, wo àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìran wọn jẹ́ ọ̀kan ṣùgbọ́n tí ibùgbé wọn yàtọ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ènìyàn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Oúnjẹ, ìsanra àti ìgbé ayé ló dá ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀. Láti ìgbà náà sì ni àwọn ìlú wa ti ń jẹ oúnjẹ tó túbọ̀ ń jọ ti ibẹ̀.

Kí la ń rí nínú omi, kí la ń rí nínú ìkòkò?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ń mu lítà omi méjì lóòjọ́, tí sódíọ̀mù inú lítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 20, rí mílígíráàmù 40 gbà lára omi. Nínú 2,000, ìyẹn ò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí omi náà bá ní 200 nínú lítà, ó di 400, ìwọ̀n iyọ̀ gíráàmù kan, tó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí kò yẹ kí ènìyàn jẹ kọjá lóòjọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn tó sì ń mu lítà mẹ́ta á rí 600 gbà.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná wa. Nǹkan bí ìdajì ìwúwo magí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ iyọ̀, a sì tún ń bu iyọ̀ gan-an lé e lórí. Búrẹ́dì ní in. Ìndómì ní in, pàápàá jù lọ nínú ọ̀rá kékeré tó ń mú un dùn. Àjínòmótò pẹ̀lú ní sódíọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré sí ti iyọ̀. Ẹni tó ń sá fún omi kànga rẹ̀ tó sì fi gbogbo èyí sílẹ̀ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kán-ún ló ń jẹ mí lọ́kàn jù, nítorí àwọn ènìyàn rere tó ń ṣọ́ra fún iyọ̀ ni mo ń rí tí wọ́n ń fi kán-ún dípò rẹ̀. Wọ́n gbà pé pòtásíọ̀mù ni, pé kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kán-ún tí wọ́n ń wà ní àgbègbè adágún Chad, tá a fi ń mú ẹ̀wà àti ewédú rọ̀, sódíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ ju pòtásíọ̀mù lọ. Ó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo èyí tó mọ́. Òótọ́ ni pé sódíọ̀mù tó bá kíloráìdì rìn ló ń gbé ìfúnpá sókè jù, kán-ún kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní kíloráìdì. Àmọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè fa omi dáadáa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò lè fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, àwọn dókítà ní Zaria kọ̀wé nípa àwọn abiyamọ tí ọkàn wọn ń dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n sì fura sí ẹ̀kọ oníkán-ún tí àṣà ibẹ̀ ní kí ìyá ọmọ máa mu lójoojúmọ́, pẹ̀lú omi gbígbóná tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Ìwádìí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti tọ́ka sí àwọn okùnfà mìíràn, ṣùgbọ́n kò sọ kán-ún di ohun tí aláìsàn ọkàn lè máa bù bó ṣe wù ú.

Àńdúrù àti oògùn ẹ̀fọ́rí tó ń hó nínú omi náà ní sódíọ̀mù. Ẹni tó ń lò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní wàhálà. Ẹni tó ń lò wọ́n lójoojúmọ́ ni kó sọ fún dókítà.

Nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa ń dà pọ̀

Bí ènìyàn bá gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n lè fi nọ́ńbà 200 hàn án gẹ́gẹ́ bí òpin sódíọ̀mù nínú lítà kan. Ìlànà Nàìjíríà fún omi mímu lo nọ́ńbà yìí, ó sì bá ti Àjọ Ìlera Àgbáyé mu. Ọ̀pọ̀ rò pé ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé omi 199 kò léwu, omi 201 léwu. Adùn ni wọ́n fi gbé nọ́ńbà náà kalẹ̀. Bí sódíọ̀mù bá ti ń kọjá 200 nínú lítà, ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ní ti ìlera, àjọ náà sọ pé ẹ̀rí tó so omi mímu mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru kò tíì fìdí múlẹ̀ tó láti fi gbé òpin kan kalẹ̀.

Nọ́ńbà kejì ni 20, tó wá láti Amẹ́ríkà. Àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n má jẹ ju mílígíráàmù 500 sódíọ̀mù lóòjọ́ ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn àwọn aláìsàn tí oúnjẹ wọn le gan-an. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní ìdí láti gbọ̀n nítorí pé omi rẹ̀ ní 35.

Etí òkun

Ní Lekki, ní Victoria Island, ní Apapa àti lọ́pọ̀ ibi ní etíkun Èkó, omi tí kò níyọ̀ àti omi òkun jọ wà lábẹ́ ilẹ̀ kan náà. Omi òjò tó rì sínú yanrìn fúyẹ́ díẹ̀ ju omi òkun lọ, nítorí náà ó dúró lé e lórí bí epo ṣe ń léfòó lórí omi inú àwo. Àwọn onímọ̀ omi ti mọ ìṣirò rẹ̀ tipẹ́: bí omi dáadáa bá fi mítà kan ga ju òkun lọ, nǹkan bíi mítà 40 rẹ̀ ló máa wà nísàlẹ̀ kí a tó kan iyọ̀. Ẹ yí i padà kí ẹ rí ewu ibẹ̀. Bí ẹ̀rọ inú ọgbà mẹ́wàá ládùúgbò kan náà bá ń fa omi tọ̀sán-tòru, tí ojú omi fi mítà kan péré wálẹ̀, àyè ti wà fún iyọ̀ láti gun òkè fún mítà 40. Kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kànga tí omi rẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, onílé á sì rò pé àwọn tó gbẹ́ ẹ ló rẹ́ òun jẹ.

Nígbà mìíràn lóòótọ́, iṣẹ́ ni kò dára. Ní Èkó, àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sábà máa ń kọjá ìpele omi oníyọ̀ kí wọ́n tó dé ìpele omi dídùn tó jìn. Tí wọn ò bá fi sìmẹ́ǹtì dí àyíká páìpù níbi tí iyọ̀ wà, iyọ̀ á máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ páìpù lọ bá omi ìsàlẹ̀. Irú kànga bẹ́ẹ̀ á ba ti aládùúgbò jẹ́ pẹ̀lú.

Ní Cotonou, àwọn kànga ìlú tó wà ní Godomey ń kojú irú ìṣòro kan náà, nítorí omi adágún Nokoué tó ní iyọ̀ nínú kò jìnnà sí wọn. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti ń jẹ Ayétòrò, omi òjò tí wọ́n gbà sínú àgbá ṣe iyebíye ju ohun tí ará òkè ilẹ̀ lè rò lọ.

Ibi tí wọ́n ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní jù ni gúúsù Bangladesh, ní Dacope lágbègbè Khulna. Odò ibẹ̀ ń gba omi òkun, oko edé gba ilẹ̀ ìrẹsì, ìjì Sidr ti ọdún 2007 àti Aila ti ọdún 2009 sì kó omi òkun dà sínú adágún tí wọ́n ń mu. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé sódíọ̀mù tí àwọn aboyún ń rí gbà lára omi nìkan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó gíráàmù 5 sí 16 lóòjọ́. Ẹ rántí pé gíráàmù 2 ni ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà kọjá, oúnjẹ àti omi pọ̀. Ní ìgbà òjò, ó wálẹ̀ sí gíráàmù 0.6 sí 1.2. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún sì pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ìgbà òjò lọ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká máa wo ìkòkò ọbẹ̀ mọ́. Omi ló di oúnjẹ oníyọ̀.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí mìíràn tó ṣiṣẹ́ ní etíkun kan náà rí i pé àwọn tó ń mu omi tó níyọ̀ díẹ̀ ń tọ sódíọ̀mù púpọ̀ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfúnpá wọn kò ga ju ti àwọn tó ń mu omi tí kò níyọ̀ lọ; ó tilẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kálísíọ̀mù àti magníṣíọ̀mù tó bá iyọ̀ wá nínú omi náà ló ṣeé ṣe kó fa ìfúnpá sílẹ̀. Èmi ò rí i bí ìtakora. Omi tó níyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ àti omi tó ń fún ènìyàn ní gíráàmù mẹ́wàá sódíọ̀mù lóòjọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́, omi kan kì í sì í jẹ́ sódíọ̀mù nìkan.

Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ọdún 1979 fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama ìlú méjì wéra: omi ìlú kan ní sódíọ̀mù 107 nínú lítà, ti èkejì ní 8. Ìfúnpá àwọn ọmọ ìlú oníyọ̀ fi nǹkan bíi 3 sí 5 ga ju ti èkejì. Ariwo ta. Ṣùgbọ́n lára àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e, àwọn kan gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn kan kò rí irú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé omi ẹ̀rọ ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti sọ kọjá ohun tó wà nílẹ̀.

Síse kì í yọ iyọ̀

Bíbọ omi ń pa kòkòrò. Kì í yọ iyọ̀, ó ń mú un le sí i ni. Bí lítà mẹ́rin omi tó ní 200 bá hó títí tó fi ku lítà mẹ́ta, èyí tó kù á ní nǹkan bíi 267 nínú lítà. Álọ́ọ̀mù ń mú ẹrẹ̀ wálẹ̀ sí ìdí agbada, kò lè mú ohun tó ti yọ́ sínú omi. Asẹ́ oníkáńdù tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ nínú pálọ̀ kò lè ṣe é, èédú náà kò lè ṣe é. Asẹ́ tí wọ́n ń fi agbára ti omi gba inú rẹ̀, tí awọ rẹ̀ ṣe tín-ín-rín débi tí iyọ̀ kò fi lè kọjá, lè yọ èyí tó pọ̀ jù lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní etíkun ń lò ó. Ó ń náni lówó, ó ń fi lára omi ṣòfò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ awọ rẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a pín iṣẹ́ omi. Kí omi oníyọ̀ máa fọ aṣọ, kó máa fọ ilé. Kí omi òjò tó mọ́, tàbí omi odò tí wọ́n ti tọ́jú, jẹ́ ti mímu àti ti síse oúnjẹ. Bí ó bá wọ́n, ìdajì omi òjò pẹ̀lú ìdajì omi kànga á dín sódíọ̀mù kù sí nǹkan bí ìdajì.

Ẹ má sì gbára lé ẹnu. Ẹni tó ti ń mu omi kan fún ọdún mẹ́wàá kì í gbọ́ iyọ̀ inú rẹ̀ mọ́. Àlejò ló máa ń gbọ́ ọ. Bákan náà, omi tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ kì í ṣe omi oníyọ̀ dandan. Kálísíọ̀mù ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta asẹ́ máa ń ti ẹ̀rọ kékeré kan bọ inú ife, nọ́ńbà ńlá á yọ, ẹ̀rù á ba oníbàárà. Gbogbo ohun tó yọ́ sínú omi ni ẹ̀rọ yẹn ń kà pọ̀, títí kan àwọn tó ń ṣara lóore. Kò mọ èwo ni sódíọ̀mù.

Àwọn tó yẹ kó ka ti omi mọ́ ọn

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn: bí irú wọn bá ń gbé nítòsí òkun tàbí ọ̀sà, kí dókítà mọ omi tí wọ́n ń mu. Ìbéèrè yẹn kì í sábà jáde lẹ́nu oníṣègùn. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e kalẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ tó ń mu wàrà agolo náà wà lára wọn, nítorí kíndìnrín rẹ̀ kò tíì gbó tó láti lé sódíọ̀mù púpọ̀ jáde. Èyí kan àwọn èèyàn wa ní London gan-an. Omi ibẹ̀ kún fún kálísíọ̀mù, àwọn kan sì ń ra ẹ̀rọ tó ń mú un rọ̀ kí ìdọ̀tí funfun má baà bo ìkòkò. Sódíọ̀mù ni ẹ̀rọ náà fi ń pààrọ̀ kálísíọ̀mù: fún mílígíráàmù 100 líle omi tó bá mú kúrò nínú lítà kan, nǹkan bíi 46 sódíọ̀mù ló máa fi rọ́pò rẹ̀. Omi tí líle rẹ̀ jẹ́ 250 á fi nǹkan bíi 115 kún sódíọ̀mù rẹ̀. Kí ẹnu ẹ̀rọ kan ní ìdáná wà tí kò gba inú rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni kí omi mímu àti ti ọmọ máa ti wá.

Iyọ̀-àti-ṣúgà tí a ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Lítà kan irú èyí tí ilé ìwòsàn ń lò ní ju mílígíráàmù 1,700 sódíọ̀mù lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbẹ́ gbuuru ń kó iyọ̀ jáde lára. Mo ti gbọ́ tí ìyá àgbà kan kọ̀ láti mu ún nígbà tí ìgbẹ́ ń sọ ọ́ nù, ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru. Òǹgbẹ ara ló máa kọ́kọ́ pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ó mu ún bí oníṣègùn ṣe wí títí ìgbẹ́ náà á fi dáwọ́ dúró, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ omi kànga yín wò, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fà á fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí omi tó ti dúró nínú páìpù lọ, ẹ fi omi náà ṣan ìgò mímọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó bù ú. Ẹ sọ fún láàbù pé sódíọ̀mù àti kíloráìdì lẹ fẹ́ mọ̀, kí wọ́n má kàn kọ gbogbo ohun tó yọ́ sínú omi pọ̀ fún yín. Ẹ fi iye lítà tí ẹ ń mu lóòjọ́ sọ nọ́ńbà sódíọ̀mù náà di púpọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ń mú lọ rí dókítà. Òpin ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ni iyọ̀ máa ń pọ̀ jù nínú kànga etíkun, nítorí náà ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́dún kejì bí àwọn aládùúgbò bá tún gbẹ́ kànga tuntun.